Omi Mímu ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Bí a bá dárúkọ ọ̀wọ́n omi, ọkàn ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa a máa lọ sí aṣálẹ̀ Sàhárà, níbi tí yanrìn tẹ́ lọ rẹrẹ, tí ràkúnmí sì ń rìn fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó kan kànga. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ilẹ̀ wa níhìn-ín, apá kan wà tí omi yí i ká níwájú àti lẹ́yìn, tí òjò ń rọ̀ sí ju ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá lọ, tí àwọn ìyá sì ń fi owó ra omi tí wọn yóò fi se ọbẹ̀. Etí òkun Ìlàjẹ ni mo ń wí, láti Araromi lọ dé Ayétòrò àti Awoye. Ó yẹ kí ẹni tí yóò lọ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ mọ ohun tí ó fa ìyà yìí, nítorí pé òun pẹ̀lú yóò mu nínú omi náà, àwọn ọmọ yóò sì máa bi í léèrè.

Iyọ̀ ni olórí ọ̀ràn náà. Lítà kan omi òkun ní iyọ̀ tí ó tó gíráàmù 35 nínú. Díẹ̀ nínú rẹ̀ sì ti tó láti ba omi púpọ̀ jẹ́: bí a bá bu ife omi òkun kan sínú nǹkan bí ife 70 omi òjò, ẹni tí ahọ́n rẹ̀ dá ṣáṣá yóò mọ̀ pé nǹkan ti kan omi náà. Ẹni tí ó bá sì mu omi òkun gan-an, òùngbẹ rẹ̀ yóò pọ̀ sí i ni, nítorí pé omi tí kíndìnrín yóò lò láti fi iyọ̀ náà dànù ju èyí tí ó mu lọ.

Ní ìgbà òjò, àwọn odò tí ń ti òkè wá, bí odò Oluwa, a máa kún, agbára wọn a sì máa ti omi òkun sẹ́yìn. Nígbà náà, omi ẹ̀yìn ilé lè ṣeé fọ aṣọ, kí ó sì ṣeé fi sínú ìkòkò. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, odò á rẹ̀yìn. Òkun tí ń kún tí ó sì ń fà ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ á wá rí ọ̀nà gbà, yóò sì máa wọlé ní díẹ̀díẹ̀ títí iyọ̀ yóò fi dé ibi tí kò sí ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. A ń wí pé omi kò ní ọ̀tá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé Awoye ní ẹ̀ẹ̀rùn yóò fẹ́ bá wa jiyàn lórí èyí.

Ẹlòmíràn lè béèrè pé, èé ṣe tí wọn kò gbẹ́ kànga? Ìbéèrè rere ni, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú irú ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ní Badagry àti ní apá Lẹ́kí, yanrìn ni etí òkun. Omi òjò a máa wọ inú yanrìn lọ, àti nítorí pé omi aláìníyọ̀ fúyẹ́ ju omi oníyọ̀ lọ, yóò léfòó lé e lórí lábẹ́ ilẹ̀, bí òróró ti ń léfòó lórí omi. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀ pé bí omi dídùn inú ilẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga ju òkun lọ, nǹkan bí 40 ẹsẹ̀ bàtà omi dídùn ni yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ènìyàn fi lè gbẹ́ kòtò kékeré sábẹ́ igi àgbọn níbẹ̀, kí ó sì pọn omi tí ó dùn. Ní etí òkun Ìlàjẹ, ẹrẹ̀ ni ó gba ipò yanrìn. Etí òkun ẹlẹ́rẹ̀ ti Mahin ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè é. Ẹrẹ̀ kì í jẹ́ kí òjò rì wọlé, ilẹ̀ náà sì rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi fi ohun kan gbòógì ga ju òkun lọ. Ẹni tí ó bá gbẹ́ ibẹ̀, omi iyọ̀ ni yóò kàn, tàbí omi pupa tí ewé àti gbòǹgbò jíjẹrà ti rẹ láró. Kànga ẹ̀rọ tí ó jìn gidigidi lè kọjá omi iyọ̀ náà kí ó sì kan omi dídùn nísàlẹ̀ amọ̀, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀ ju agbára abúlé apẹja lọ, bí irin rẹ̀ bá sì dípẹtà, iyọ̀ yóò tún wọlé.

Ọwọ́ ènìyàn sì dá kún un. Nítòsí Awoye, a gbẹ́ ipadò kan tí à ń pè ní Opuekeba nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì. Ìwé ìwádìí tí Human Rights Watch tẹ̀ jáde ní 1999 sọ bí omi òkun ṣe gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọ inú àbàtà tí kò ní iyọ̀ tẹ́lẹ̀, tí igbó ibẹ̀ sì bàjẹ́. Ní oṣù karùn-ún 1998, àwọn ọ̀dọ́ Ìlàjẹ lọ sí orí pèpéle epo Parabe ti ilé iṣẹ́ Chevron láàárín òkun, omi àti ilẹ̀ wọn tí ó bàjẹ́ sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n gbé lọ. Àwọn ọmọ ogun yìnbọn, ènìyàn méjì sì kú. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ ní San Francisco, níbi tí ìgbìmọ̀ ará ìlú tí ń gbọ́ ẹjọ́ ti dá Chevron láre ní 2008. Ní 2020, kànga epo Ororo-1, tí kò jìnnà sí Awoye, bẹ́ gbàmù, ó sì ń jó lójú omi fún ọdún púpọ̀.

Nítorí náà, oríṣi ìbàjẹ́ mẹ́ta ni ó wà nínú omi kan náà: iyọ̀, epo, àti ẹ̀gbin àwa ènìyàn fúnra wa, nítorí pé ilé orí òpó ni ọ̀pọ̀ ilé níbẹ̀, ibi ìyàgbẹ́ a sì máa wà lórí omi tí ọmọdé ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi fara balẹ̀. Gbogbo wa ni a ti kọ́ ọmọ pé kí ó se omi kí ó tó mu ún, ẹ̀kọ́ náà sì dára, nítorí pé síse ń pa kòkòrò onígbáméjì àti ti ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ṣùgbọ́n síse kì í mú iyọ̀ kúrò: omi ni ó ń fà lọ, iyọ̀ á kù sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, èyí tí ó kù á sì tún níyọ̀ sí i. Álọ́ọ̀mù a máa mú kí ẹrẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, omi náà á mọ́ gaara lójú, kòkòrò àti iyọ̀ á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ní ti epo, a lè fi igbá gbọ́n èyí tí ń dán lókè kúrò, ṣùgbọ́n májèlé inú rẹ̀ tí ó ti yọ́ mọ́ omi kò ṣeé fojú rí, a kò sì lè gbẹ́kẹ̀ lé síse fún un.

Omi kan ṣoṣo tí ó bọ́ lọ́wọ́ gbogbo èyí ni ti òjò, ó sì pọ̀. Ní etí òkun yìí, òjò ọdún kan a máa tó mìlímítà 2,000, ó tilẹ̀ ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjò mìlímítà kan lórí òrùlé tí ó gùn ní mítà kan tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà omi kan ni. Ilé kékeré tí òrùlé páànù rẹ̀ jẹ́ mítà 8 sí mítà 5 ń gba lítà 80,000 lọ́dún kan, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ó ń gba ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ṣàn padà sínú omi iyọ̀. Ní erékùṣù Bẹ̀múdà, tí kò ní odò rárá, òfin ni pé kí ilé máa gba omi òjò láti orí òrùlé rẹ̀ sínú kòtò olókùúta tí ó wà lábẹ́ ilé. Ní ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀, irú kòtò bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbẹ́, àgbá àti táńkì orí òpó ni ó kù. Kí a jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ èéfín àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù ná kí a tó gbé àgbá sábẹ́ rẹ̀, kí a sì fi àwọ̀n wẹ́wẹ́ bo ẹnu àgbá, nítorí pé ẹ̀fọn tí ń gbé ibà apọ́njú káàkiri fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀ láti yé ẹyin sí.

Ìṣirò tí ó ṣòro ni ti ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ jẹ́ kí a fi í sí ojú pátákó: ìdílé ẹni mẹ́fà, lítà márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ fún mímu àti sísè nìkan, jẹ́ lítà 30. Fún 120 ọjọ́ tí òjò kò fi ní rọ̀ dáadáa, lítà 3,600 ni, èyí tí í ṣe àgbá 18 oní lítà 200. Ilé tí ó bá fi àgbá mẹ́rin wọ ẹ̀ẹ̀rùn, omi rẹ̀ kò ní pé oṣù kan kí ó tó tán, láti ìgbà náà lọ, Igbokoda ni ọkọ̀ yóò ti máa gbé omi inú ọ̀rá wá, pẹ̀lú owó ọkọ̀ lórí rẹ̀.