Orin Olórin Lẹ́nu Ẹlòmíràn

Ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ nígbà kan rí kọ̀wé sí mi láìpẹ́ yìí. Ó ní nígbà tí àwọn ọmọ ìwòyí bá tún orin àtijọ́ kọ, kí ló dé tí àwọn kan fi máa ń wọni lára, tí àwọn mìíràn sì máa ń dún bíi pé àlejò ló ń kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé ni akọrin náà? Ìbéèrè gidi ni. Èsì kúkúrú ni mo fẹ́ fọ̀ sí i, àmọ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ ló ń gùn, ni mo bá ní kí n kúkú gbé e síbí kí gbogbo yín jọ kà á.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì. Ẹ ó rántí pé mo máa ń pe ẹnì kan síwájú, màá ní kó pe ọ̀rọ̀ mẹ́rin: ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́, ọ̀kọ̀. Èyí tó ń gbéni níyàwó, èyí tó ń gbéni lọ sí Èkó, èyí tí àgbẹ̀ ń gbé lọ sóko, àti èyí tí ọdẹ ń jù. Màá wá ní kó di ẹnu, kó máa kùn ún bí oyin, kí àwọn tó jókòó sọ èyí tó ń wí. Wọ́n máa ń rí i sọ. Re dò, re mí, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ọkọ àti ọ̀kọ̀ nìkan ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀, torí pé re re àti dò dò kò yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ sétí tí kò bá sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí a lè fi wọ̀n wọ́n. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà kàn án.

Ohun tí mo ń fà yọ ni pé gbólóhùn Yorùbá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orin kí olórin tó débẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa ti ní ibi tó ń gùn àti ibi tó ń sọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi kọrin kò ní òmìnira tí akọrin Gẹ̀ẹ́sì ní. Àmọ́ kì í ṣe ẹrú náà. Orin kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀ ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan. Kódà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ohùn òkè tó bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í ga tó òkè tó ti kọjá lọ. Gbólóhùn a máa rọra wálẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ohun tí etí ń béèrè lọ́wọ́ akọrin kò ju pé níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, kí orin má ṣe já wálẹ̀ gbì.

Níbi tí orin ti já wálẹ̀ gbì jù lọ ni ìwé orin ìjọ. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere gbé ohùn orin wá láti ìlú wọn, a sì to ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń to bíríkì. Iye sílébù bára mu, ohùn kò bára mu. Ẹ mú “Olúwa” wò: re mí re. Tí ohùn orin bá lọ sísàlẹ̀ níbi “lú”, ọ̀rọ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àgbà tó ti mọ orin náà kò ní í ṣìnà, torí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ kékeré ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí orin sọ “ọkọ̀” di “ọkọ́” ní ìṣojú rẹ̀, oko ló máa rò pé ìjọ ń lọ.

Àwọn kan rí ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú àwa tí a fi ń gba oyè. Alúfàá J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá bàbá Fẹlá, ń fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin ìjọ, ó sì lọ gba àwọn orin rẹ̀ sílẹ̀ sórí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní London ní 1922. T. K. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà ti Marina l'Ékòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, kọ ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1953 lórí orin Yorùbá. Mo ṣì ń gba gbogbo ẹni tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin nímọ̀ràn pé kó wá ìwé náà kà. Ó kéré, àmọ́ ó wúwo.

Ẹ wá jẹ́ ká kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, ká lọ sí òde àríyá, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo mọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, tí ìnáwó bá wà n'Íbàdàn, ojú títì gan-an ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á dí ọ̀nà, ẹgbẹ́ jùjú á to ẹ̀rọ sílẹ̀, ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Orin tí olórin gbé sí àwo kì í ṣe èyí tí ẹ ó gbọ́ níbẹ̀. Òun náà ló ń tún orin ara rẹ̀ kọ, torí orúkọ ẹni tó ń náwó gbọ́dọ̀ wọnú rẹ̀. Tí orúkọ Adébáyọ̀ bá wà níbẹ̀ lánàá, tí Ọláníyì sì ń náwó lónìí, kò sí ìṣòro: re mí mí dò ni àwọn méjèèjì, ọ̀kan lè jókòó sórí àga èkejì. Àmọ́ kí Fọlọ́runṣọ́ dìde! Re mí re mí. Orin ní láti ṣẹ́rí padà ní kíá, láàárín ìṣẹ́jú akàn, lójú gbogbo ayé. Mo ti rí olórin tó ṣe é tí ẹ ò ní mọ̀ rárá pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ìyẹn ni mo ń pè ní ọ̀gá.

Onígángan ló wà nínú ewu jù. Ìlù kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò ní fáwẹ̀lì, ohùn nìkan ló ní. Àkànní, Àlàbí, Àjàní, Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́: dò dò mí ni gbogbo wọn. Tó bá lu dò dò mí lásán, ìdajì àwọn tó wà lábẹ́ kánópì ló lè dìde. (Àbúrò bàbá mi kan dìde bẹ́ẹ̀, ó ti lẹ owó tán kó tó yé e pé àna ẹni tó ni ìnáwó ni ìlù ń kì.) Ìdí nìyẹn tí àyàn kì í fi í dá orúkọ lù, ó máa ń so oríkì gígùn mọ́ ọn, títí tí kò fi ní í sí ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ náà lè bá mu.

Fẹlá ní tirẹ̀ gbé e kọjá ibẹ̀. Tí orin bá ti wọ àwo, kì í kọ ọ́ mọ́ ní Shrine. Ẹ lè bẹ̀ ẹ́ títí di àárọ̀. Èyí tí ẹ ò tíì gbọ́ rí ló máa kọ fún yín.

Ó dáa, orin olórin lẹ́nu ẹlòmíràn wá ńkọ́? Bábátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, gbé àwo Drums of Passion jáde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1960. Ọ̀kan nínú orin ibẹ̀, Akiwowo, orin sí ẹni tó ń bá ọkọ̀ ojú irin ṣiṣẹ́ ni. Ní 1964, Serge Gainsbourg, olórin Faransé, mú orin yẹn, ó fi ọ̀rọ̀ Faransé nípa àwọn ilé gogoro New York rọ́pò ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó mú òmíràn pẹ̀lú, Jin-Go-Lo-Ba. Kò kọ orúkọ Ọlátúnjí sára àwo náà. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó fi í síbẹ̀. Santana náà kọ Jin-Go-Lo-Ba nínú àwo wọn àkọ́kọ́ ní 1969, tí wọ́n pè é ní Jingo, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀.

Ẹ ó sọ pé olè ni. Ọ̀rọ̀ lọ́yà nìyẹn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn bí onímọ̀ èdè yàtọ̀. Orin tí a bí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ló fún un ní ìrísí. Tí ẹ bá bọ́ ọ̀rọ̀ náà kúrò, ìrísí náà ṣì wà, bí aṣọ tó ti mọ ara ẹnì kan tí ẹlòmíràn wá wọ̀. Ará Paris ń kọrin nípa ilé gogoro, ẹnu rẹ̀ ń gùn ó ń sọ̀, kò mọ ẹni tó kọ́ òun ní ìgùn àti ìsọ̀.

Ìdàkejì rẹ̀ ni Adekunle Gold ṣe: ó mú orin àwọn ọmọ òyìnbó One Direction, ó sọ ọ́ di Sade. Ṣé ẹ rí i, ohun tí àwọn atúmọ̀ ìwé orin ìjọ dojú kọ ló dojú kọ. Ohùn orin ti wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ló ń wá ibi tó máa jókòó sí. Àǹfààní tó ní ni pé ó lè yí ọ̀rọ̀ padà bó ṣe fẹ́, atúmọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Simi ní tirẹ̀ padà sórí Àìmàsìkò ti Ebenezer Obey. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn: sílébù márùn-ún, dò ni gbogbo wọn. Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kí orin rọra máa rìn nísàlẹ̀ ni. Akọrin tó bá fẹ́ fi ohùn dárà, ibòmíràn ló yẹ kó ti dá a.

Èsì mi sí akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyẹn. Àtúnkọ tó ń dún bí àlejò, níbi ọ̀ṣọ́ ni ó ti máa ń bàjẹ́. Akọrin ìwòyí ti gbọ́ orin ìlú òyìnbó púpọ̀, ó sì fẹ́ràn kí ohùn máa yí bírí bírí ní ìparí ìlà. Kò burú. Àmọ́ tí ìyípo náà bá gbé dò lọ sókè, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn, etí yín á sì kọ̀ ọ́ kí ẹ tó mọ ìdí. Ìgbà tí Victor Ọláìyá, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, jókòó ti 2Face ní 2013 láti tún Baby Jowo ṣe, èmi dúpẹ́ pé wọ́n jẹ́ kí bàbá fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

Nǹkan kan kù. Ní Kúbà, wọ́n ń kọrin òrìṣà ní èdè tí wọ́n ń pè ní Lukumí, èyí tí kò sí ẹni tó ń fi í ra ẹ̀pà lọ́jà mọ́. Yemọja wa, re re re, ti di Yemayá lẹ́nu wọn, ìparí rẹ̀ ló wúwo, bí Spéènì ṣe ń ṣe. Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah ní Benin, tún irú orin bẹ́ẹ̀ kọ nínú àwo Celia ní 2019, ó ń gbé e bọ̀ wálé láti ẹnu Celia Cruz. Mo gbọ́ ọ léraléra, mo sì ń ronú nípa ohun tí orin lè tọ́jú lẹ́yìn tí èdè bá ti lọ.

Mo ń ronú bẹ́ẹ̀ torí ọmọ ọmọ mi kan tó wà ní London. Ọmọ ọdún méje ni. Tó bá ń sọ Yorùbá sí mi lórí fóònù, gbogbo rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ pápá, ọkọ̀ àti ọkọ́ kò yàtọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ orin kan wà tí ìyá mi máa ń kọ tó bá ń wẹ ọmọ, òun fúnra rẹ̀ ló hun ún, orúkọ wa ló wà nínú rẹ̀. Ó kọ ọ́ fún ọmọbìnrin mi, ọmọbìnrin mi ń kọ ọ́ fún tirẹ̀. Kò sí ẹni tó gba ohùn ìyá mi sílẹ̀ kó tó lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà kọ ọ́ sí mi létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Mo mú bírò, mo ń fi àmì sí i bó ṣe ń kọ ọ́. Dò, re àti mí, gbogbo rẹ̀ ló pé, títí kan ibi tí ìyá mi ti máa ń fa orúkọ mi díẹ̀ kó tó sọ ọ́ kalẹ̀.