Ẹ Má Sun Kọ̀ǹpútà Tó Kú: Owó Wà Nínú Rẹ̀, Májèlé Wà Níbẹ̀ Pẹ̀lú

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn akọ̀wé lójú ẹlòmíràn. Wọ́n lè ní, kí ló kan aláta tàbí aláṣọ nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́? Ó kàn wá gan-an ni. Ẹ wo ẹ̀yìn ìsọ̀ yín, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kọ̀ǹpútà tí àwọn ọmọ fi kọ́ṣẹ́, tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá, fóònù tí ojú rẹ̀ ti fọ́, wáyà oríṣiríṣi: ilé wo ni kò ti sí díẹ̀ níbẹ̀? Ibi tí wọ́n ń gbà lọ lẹ́yìn tí a bá ti sọ pé "ẹ bá mi kó o dànù" ni ọ̀rọ̀ wà.

BÁWO LÓ ṢE Ń DÉ Ọ̀DỌ̀ WA?

Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel tó wà ní Ìbàdàn jọ ṣe ìwádìí ní èbúté Èkó ní ọdún 2015 àti 2016. Wọ́n rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù àlòkù ẹ̀rọ ló ń gba ibẹ̀ wọlé lọ́dún. Ó kéré tán, 15,700 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ ló ti kú kó tó gúnlẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà, inú ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ni wọ́n rọ ọ́ sí.

A ò sọ pé tòkúnbọ̀ ò dáa o. Tòkúnbọ̀ ló gbé kọ̀ǹpútà dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ wa, àwọn tó ń tún un ṣe ní Computer Village ní Ìkẹjà àti ní Aláàbà sì ń fi jẹun. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni àlòkù, ọ̀tọ̀ ni òkú. Òfin ilẹ̀ wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni kó òkú ẹ̀rọ wọlé. Ní ọdún 2007 ni ìjọba àpapọ̀ dá NESREA sílẹ̀ láti máa ṣọ́ irú nǹkan báyìí, òfin tó dá lórí ẹ̀rọ iná sì jáde ní ọdún 2011.

KÍ LÓ WÀ NÍNÚ RẸ̀?

Bí ẹran ni kọ̀ǹpútà rí. Gbogbo ara rẹ̀ ló wúlò, ṣùgbọ́n òróòro ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tó mọ ẹran kun á yọ òróòro láìjẹ́ kó bẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á ba gbogbo ẹran jẹ́.

Apá tó dáa rèé. Bàbà wà nínú wáyà. Irin àti alumíníọ̀mù wà lára àpótí. Pátákó aláwọ̀ ewé tó wà nínú rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní board, ní bàbà, fàdákà àti wúrà díẹ̀. Bí a bá kó board jọ tó tọ́ọ̀nù kan, wúrà tó wà nínú rẹ̀ á ju ti inú tọ́ọ̀nù kan òkúta tí wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà lọ.

Òróòro rẹ̀ wá ńkọ́? Mọ́nítọ̀ àtijọ́ oníkùn ńlá ní òjé nínú gíláàsì rẹ̀, ó sì lè ju kílò kan lọ. Òjé tún wà nínú ohun tí wọ́n fi jó board àtijọ́ pọ̀. Bátìrì láptọ́ọ̀pù àti ti fóònù lè gbiná lójijì bí a bá gún un tàbí tí a fọ́ ọ. Rọ́bà tó bo wáyà, bó bá ń jó, májèlé tí wọ́n ń pè ní dioxin máa ń bá èéfín rẹ̀ jáde. Bí gbogbo wọn bá jókòó jẹ́jẹ́ nínú àpótí wọn, wọn kì í ṣe wá ní nǹkan. Fífọ́ àti sísun ló ń tú wọn sílẹ̀.

INÁ NI Ọ̀TÁ

Àwọn ọmọ tó ń fi ọmọlanke ra irin kiri, bàbà ni wọ́n ń wá. Èyí tó yá jù lójú wọn ni kí wọ́n kó wáyà jọ sórí ààtàn, kí wọ́n sun rọ́bà rẹ̀ kúrò. Èéfín dúdú yẹn kì í lọ sí ojú ọ̀run tààrà. Á bà lé ata tí a sá, á bà lé èlùbọ́ àti ẹja. Eérú rẹ̀ á bá òjò wọlẹ̀, adìẹ á sì ṣa á jẹ.

Kì í ṣe àhesọ. Ní Agbogbloshie ní ìlú Accra, ní Ghana, ẹ̀gbẹ́ ọjà tí wọ́n ti ń ta iṣu àti àlùbọ́sà ni wọ́n ti ń sun wáyà. Ní ọdún 2019, àjọ méjì tó ń gbógun ti májèlé, IPEN àti Basel Action Network, gbé àbájáde àyẹ̀wò ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ kiri níbẹ̀ jáde. Wọ́n ní àgbàlagbà tó bá jẹ ẹyin kan ṣoṣo ti gba ìlọ́po 220 ìwọ̀n tí àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Yúróòpù sọ pé ara lè gbà lóòjọ́. Ẹyin kan péré o! Ìjọba wó ibẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2021, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò tán. Àwọn tó ń ṣe é kàn tú ká lọ síbòmíràn ni.

Ní ti òjé, ọpọlọ ọmọdé ló máa ń bá jà. Ìwé ò ní wọ orí ọmọ bó ṣe yẹ, á sì máa bínú sódì. Aboyún tó fà á símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á gbé e dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a lè pè ní èyí tí kò léwu. Ẹ rántí Zamfara ní ọdún 2010, tí òjé inú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti wá wúrà pa ọmọdé tó lé ní 400. Kọ̀ǹpútà kọ́ ló fa ìyẹn, ṣùgbọ́n òjé kan náà ni, eruku kan náà nínú àgbàlá tí ọmọ ti ń ṣeré.

ẸGBẸ́ KAN TÓ RÍ Ọ̀NÀ ṢE É

Ní ìlú Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà, àwọn kan dá ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà kan sílẹ̀ ní ọdún 2000, wọ́n pè é ní Free Geek. Àwọn ará ìlú á gbé àlòkù kọ̀ǹpútà wá. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á yẹ ẹ́ wò. Èyí tó ṣì lè ṣiṣẹ́, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á fi Linux sí i, torí pé ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo jù fún ẹ̀rọ àgbà. Èyí tó kú pátápátá, wọ́n á fi ìdè-bóòtù tú u, wọ́n á ya bàbà sọ́tọ̀, irin sọ́tọ̀, board sọ́tọ̀, wọ́n á tà á fún àwọn tó ń yọ́ ọ.

Ibi tó dùn nínú ọ̀rọ̀ náà nìyí: nígbà kan, ẹni tí kò lówó, tó bá bá wọn ṣiṣẹ́ fún wákàtí 24, máa ń gbé kọ̀ǹpútà kan lọ sílé. Ẹni tó sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tò ó nígbà náà, bó bá to márùn-ún fún ẹgbẹ́, ẹ̀kẹfà máa ń di tirẹ̀. Kí la máa ń pe ìyẹn nílẹ̀ wa? Ṣé kì í ṣe àáró náà ni? A ti mọ̀ ọ́n ṣe tipẹ́.

OHUN TÍ OLÚKÚLÙKÙ LÈ ṢE

1. Ẹ bèèrè bóyá ó kú lóòótọ́. Nígbà míì eruku ló dí i, tàbí ohun tó ń fún un níná ló jó. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kí ẹ tó tà á ní owó irin.

2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ hard disk rẹ̀, ìyẹn ibi tó ń tọ́jú nǹkan sí. Àkọsílẹ̀ èsúsú, orúkọ oníbàárà, àwòrán ẹbí, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ní ọdún 2005, Basel Action Network ra irú rẹ̀ l'Ékòó, wọ́n bá àṣírí àwọn òyìnbó nínú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí tòyìnbó, wọ́n lè rí tiwa.

3. Ẹ má fọ́ mọ́nítọ̀, ẹ má gún bátìrì. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ẹnu bátìrì, kí ẹ gbé e síbi gbígbẹ tí ọwọ́ ọmọdé ò tó.

4. Wáyà, ọ̀bẹ ni kí wọ́n fi bó o. Bàbà tí a bó, tó ń dán, owó rẹ̀ sàn ju èyí tí iná ti sọ di dúdú. Ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ ọmọlanke. Ẹ má lé wọn bí olè; oúnjẹ ni wọ́n ń wá. Owó tó gbé pẹ́ẹ́lí ni wọ́n máa gbọ́, kì í ṣe èébú.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ẹrù ẹnì kan kéré, kò sí ilé iṣẹ́ tó máa tìtorí rẹ̀ wá. Ẹrù gbogbo ọjà ló ń fa oníbàárà ńlá. Àbá tó wà níwájú wa ni kí ẹgbẹ́ ya igun kan nínú ilé ìpàdé sọ́tọ̀, tí òrùlé rẹ̀ kò jò, kí a ní ìwé tí a ó máa kọ orúkọ ẹni tó gbé nǹkan wá sí. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí àwọn ọmọ wa tó wà ní họ́lidé máa bá a yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n máa kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ kan náà. Títú tàbí bíbó kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ kékeré tàbí aboyún o. Èyí tó bá jí, ká gbé e fún ọmọ tó ń kàwé. Èyí tó kú, ká wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n, ká tà á fún ilé iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ. EPRON, àjọ tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ dá sílẹ̀ ní ọdún 2018, ló wà fún kíkó irú ẹrù yìí jọ. Wọ́n lè júwe ilé iṣẹ́ tó yẹ. Kí owó rẹ̀ wọ àpò ẹgbẹ́.

Ẹ mú èrò yín wá sí ìpàdé. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tó bá sì da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Ọjà á tà o, a ò ní fi owó ọjà ra oògùn. Àṣẹ.