Ta ni Ọ̀daràn? Ìyíbìrí Ìtàn nínú Fíìmù Kòríà àti nínú Fíìmù Tiwa



Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí dá lórí irú ìtàn kan tí ó máa ń tan òǹwòran jẹ, tí inú òǹwòran sì máa ń dùn pé a tan òun jẹ. Bí a bá wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀, a ó ti mọ ẹni ire, a ó ti mọ ẹni ibi, a ó sì ti dá ẹjọ́ nínú ọkàn wa. Nígbà tí eré bá kù díẹ̀ kí ó parí, ọ̀rọ̀ yóò yí bìrí: ẹni tí a fọkàn tán ni ó ṣe iṣẹ́ ibi náà, tàbí ẹni tí a rò pé ó wà láàyè ti kú tipẹ́tipẹ́. Èyí ni mo pè ní ìyíbìrí ìtàn.

Àwọn ará Kòríà ti Gúúsù ti sọ ọ́ di iṣẹ́ tí gbogbo ayé fi ń mọ̀ wọ́n. Fíìmù Oldboy, tí Park Chan-wook darí ní 2003, gba ẹ̀bùn kejì nínú ìdíje Cannes ní 2004. Parasite, iṣẹ́ Bong Joon-ho, gba ẹ̀bùn tí ó ga jù lọ níbẹ̀ ní 2019. Ní 2020, òun ni fíìmù àkọ́kọ́ tí èdè rẹ̀ kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba Oscar fún fíìmù tí ó dára jù lọ.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni pé: kí ni irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún ẹni tí ń wò ó? Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ju ìyàlẹ́nu lọ. Ìyíbìrí tí ó bá dára máa ń pe òǹwòran fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́; ó ń bi í léèrè ohun tí ó mú un fura sí ẹni tí ó fura sí. N ó kọ́kọ́ wo àṣà ìtàn tiwa, kí n tó wo fíìmù Kòríà mẹ́ta, kí n sì wá fi wọ́n wé fíìmù méjì láti ọwọ́ ọmọ Yorùbá.

1. Àlọ́ àpagbè àti àlọ́ àpamọ̀

Nínú àlọ́ àpagbè, ẹni tí ń gbọ́ ìtàn ni ó máa ń mọ àṣírí ju ẹ̀dá-ìtàn lọ. Nígbà tí Ìjàpá lọ gba àsèjẹ lọ́wọ́ babaláwo fún Yánníbo, aya rẹ̀ tí ń wá ọmọ, tí a sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò, gbogbo ọmọdé tí ó jókòó ní àgbàlá ni ó rí i nígbà tí ó tọ́ ọ wò. Yánníbo nìkan ni kò mọ̀. Ẹ̀rín wa ń ti inú ìmọ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú eré The Gods Are Not to Blame, tí Ọlá Rótìmí gbé kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1968. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ni a ti gbọ́ ohun tí Ifá sọ nípa ọmọ tuntun náà. Odẹ́wálé ń wá ẹni tí ó pa ọba. Àwa tí a jókòó ń wò ó ti mọ̀ pé ara rẹ̀ ni ó ń wá.

Àlọ́ àpamọ̀ yàtọ̀. Nínú tirẹ̀, ẹni tí ń gbọ́ ni ó wà nínú òkùnkùn. Bí a bá pa á lálọ̀ọ́ pé awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́, tí a sì wá sọ fún un pé ahọ́n ni, kò ní sọ pé a rẹ́ òun jẹ. Yóò mi orí, nítorí pé ìdáhùn náà ti wà nínú ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Òfin ìyíbìrí ìtàn nìyí: a kò gbọdọ̀ mú ìdáhùn wá láti ìta.

Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni ó gbé òfin àlọ́ àpamọ̀ yìí wọ inú ìwé Yorùbá. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tẹ Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971, Lápàdé sì di ẹni tí a mọ̀ bí ẹni mowó. Kọ́lá Akínlàdé tẹ Owó Ẹ̀jẹ̀ jáde ní 1976. Nínú ìwé Akínlàdé pàápàá, òǹkàwé kò ga ju ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ lọ. Wọ́n jọ ń tọ ipasẹ̀ kan náà ni. Nítorí náà, nígbà tí fíìmù Kòríà dé sọ́dọ̀ wa, kò bá wa ní àlejò pátápátá.

2. Fíìmù Kòríà mẹ́ta

Orílẹ̀-èdè Kòríà wà lábẹ́ àwọn ará Jàpáánù láti 1910 títí di 1945. Ogun abẹ́lé tẹ̀lé e, ìjọba ológun sì tẹ̀lé ogun. Ní 1996 ni ilé-ẹjọ́ gíga tí ń rí sí òfin ilẹ̀ náà sọ pé kò bófin mu mọ́ kí ìjọba máa yẹ fíìmù wò kí ó tó gbà kí a fi han aráyé. Láàárín ọdún méje sí i, àwọn olùdarí wọn ti ń sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ sọ tẹ́lẹ̀. Fíìmù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí n ó mẹ́nu bà jáde ní ọdún kan náà, 2003.

Àkọ́kọ́ ni A Tale of Two Sisters, tí Kim Jee-woon darí. Ó fà á yọ láti inú ìtàn àtẹnudẹ́nu ilẹ̀ Kòríà kan nípa ọmọbìnrin méjì tí ìyàwó bàbá wọn ṣekú pa. Kò sí Yorùbá tí kò mọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀; nínú àlọ́ tiwa náà, kí orogún ìyá tó sọ̀rọ̀ ni a ti dá a lẹ́bi. Fíìmù náà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ó ṣe. Ó fi ìyàwó bàbá tí ń fìyà jẹ àbúrò hàn wá, a sì kórìíra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn ni a mọ̀ pé àbúrò ti kú tẹ́lẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú ni ó ń rí i, àti pé òun náà ni ó ń ṣe ìṣe ìyàwó bàbá tí a ń rí. Síbẹ̀, fíìmù náà kò fọ obìnrin náà mọ́. Ní ọjọ́ tí àbúrò ń kú lọ, ó mọ̀, kò sì gbà á là. Ẹ̀gbọ́n náà bínú jáde nílé láìmọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀bi yìí ni ó da orí rẹ̀ rú.

Èkejì ni Oldboy. A ti ọkùnrin kan mọ́ inú yàrá fún ọdún 15, kò mọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó jáde, ó ń wá ẹni tí ó tì í mọ́lé àti ìdí rẹ̀. Ọ̀tá rẹ̀ sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ ni kò tọ̀nà: ohun tí ó yẹ kí ó béèrè ni ìdí tí a fi tú u sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tí ó sọ nígbà tí ó wà ní ilé-ìwé, tí ó ti gbàgbé, ni ó di àhesọ, tí ó sì gba ẹ̀mí ọmọbìnrin kan. Ẹ̀san rẹ̀ ni pé ọ̀dọ́mọbìnrin tí òun àti rẹ̀ di olólùfẹ́ lẹ́yìn ìtúsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé ahọ́n ara rẹ̀. Ẹ óò rí i pé Odẹ́wálé ni a tún pàdé yìí, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí a kò sọ ohun tí Ifá wí fún àwa òǹwòran. Àwọn àgbà wa ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Oldboy jẹ́ àlàyé wákàtí méjì lórí òwe náà.

Ẹ̀kẹta ni Memories of Murder, iṣẹ́ Bong Joon-ho, èyí tí mo kà sí pàtàkì jù lọ. Ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni ó wà nídìí rẹ̀: ní agbègbè Hwaseong, láàárín 1986 àti 1991, a pa obìnrin 10. Nínú fíìmù náà, ọlọ́pàá kan ń fọ́nnu pé bí òun bá ti wo ojú ènìyàn, òun ti mọ ọ̀daràn. Wọ́n lu ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Wọ́n fi ipá gba ìjẹ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kú níkẹyìn, kò sì jẹ̀bi. A kò mú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọlọ́pàá náà padà sí ibi tí a ti rí òkú àkọ́kọ́, ọmọdébìnrin kan sì sọ fún un pé ọkùnrin kan ti wá síbẹ̀ láìpẹ́. Ó béèrè bí ojú rẹ̀ ti rí. Ọmọ náà ní ojú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti gbogbo ènìyàn. Ọlọ́pàá náà wá yíjú sí àwa tí ń wo fíìmù, ó tẹjú mọ́ wa.

Ìtàn náà tún yí bìrí lẹ́yìn fíìmù. Ní 2019, àyẹ̀wò DNA fi hàn pé ọkùnrin kan tí ó ti wà lẹ́wọ̀n gbére nítorí ìpànìyàn mìíràn tí ó ṣe ní 1994 ni ó ṣe iṣẹ́ ibi náà, ó sì jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ ti dá ọkùnrin mìíràn lẹ́bi tẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀kan nínú ìpànìyàn wọ̀nyí. Ó ti lo nǹkan bí 20 ọdún lẹ́wọ̀n. Oṣù Kejìlá 2020 ni ilé-ẹjọ́ tó sọ pé kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ta ni yóò dá 20 ọdún padà fún un?

3. Fíìmù méjì láti ọwọ́ ọmọ Yorùbá

Kúnlé Afọláyan jẹ́ ọmọ Adéyẹmí Afọláyan, ẹni tí a mọ̀ sí Adé Love, ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbé eré Yorùbá kúrò lórí ìtàgé lọ sínú sinimá. Ní 2009, Kúnlé darí The Figurine, tí Kẹ́mi Adéṣọyè kọ ìtàn rẹ̀. Àwọn agùnbánirọ̀ méjì rí ère òrìṣà Àràròmirẹ nínú ojúbọ àtijọ́. Ìtàn sọ pé ọdún méje ni òrìṣà náà fi ń fúnni ní ire, ọdún méje mìíràn ni ó fi ń gbà á padà. Ọdún méje àkọ́kọ́ pé, ibi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya lu ilé. Òǹwòran Yorùbá kò nílò àlàyé. Òrìṣà ń bínú. Ìgbà tí ó yá ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà jẹ́wọ́ pé ìfẹ́ tí òun ní sí aya ọ̀rẹ́ òun ni ó mú òun dọ́gbọ́n ibi wọ̀nyẹn. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ìjẹ́wọ́ rẹ̀ yanjú. Fíìmù náà fi wá sílẹ̀ láti yàn: ṣé òrìṣà ni, tàbí ènìyàn tí ń fi orúkọ òrìṣà bojú? Fún àwa tí a máa ń di ẹ̀bi òkú àti àrùn ru àwọn àgbà obìnrin ilé, ìbéèrè yìí kì í ṣe eré.

October 1, tí ó jáde ní 2014, sún mọ́ Memories of Murder gan-an. Ọdún 1960 ni, òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, a sì ń pa àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní ìlú kan tí a pè ní Àkọ́tẹ̀. A rán ọlọ́pàá kan, Waziri, wá láti wádìí. Àlejò Hausa kan ni ìlú kọ́kọ́ di ẹ̀bi náà rù. Kí òtítọ́ tó fara hàn, bàbá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó kú ti pa á. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ibi náà ni Adérọ̀pò, ọmọ ọba, ọ̀mọ̀wé tí ìlú fi ń yangàn. Ìdí rẹ̀ tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni ọ̀wọ̀ tí a fi í sí lọ́wọ́ láti kọ́ ọ ní ìwé ti bà á jẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ojú ènìyàn mẹ́ta ni a fi wò wọ́n láìwádìí: àlejò ni ọ̀daràn, ọmọ ọba ni ọmọlúàbí, oníwàásù ni olùtọ́jú. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó yí bìrí mọ́ wa lọ́wọ́. Nígbà tí Waziri sì gbé òtítọ́ dé iwájú àwọn ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó, wọ́n rọ̀ ọ́ pé kí ó gbé e mì nítorí àlàáfíà orílẹ̀-èdè tuntun. Ìlú odídẹrẹ́ ni Ìwó. Ẹ̀yin kò sì gbàgbé orúkọ kejì tí àwọn baba wa sọ ẹyẹ náà: Ayékòótọ́.

4. Àgbálọgbábọ̀

Àwọn kan yóò sọ pé ọgbọ́n àgálámàṣà ni gbogbo èyí. Òótọ́ ni pé àwọn fíìmù kan wà tí ìyíbìrí wọn kò ju ẹ̀tàn lọ: wọ́n fi ẹ̀rí pamọ́, wọ́n sì mú ọ̀daràn wá láti ọ̀run. A lè fi ọ̀nà kan ṣoṣo dá wọn mọ̀. Kí a wò wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá wò ó lẹ́ẹ̀kejì tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, ẹ̀tàn ni. Bí a bá wò ó tí a rí i pé ẹ̀rí wà lójútáyé láti ìbẹ̀rẹ̀, tí àwa ni a kò fẹ́ rí i, a ti kọ́ nǹkan nípa ojú ara wa.

Ẹ̀kọ́ yìí kò mọ sí inú sinimá. Ní ìlú wa, a ti rí i tí èrò ọjà dáná sun ẹni tí a pariwo olè lé lórí, tí a sì wá mọ̀ lẹ́yìn pé kò jí nǹkan. Kò sí olùdarí tí yóò yí fíìmù yẹn padà. Àwọn àgbà ti sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìtàn tí ń yí bìrí ń kọ́ wa ní òfin kan náà láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀: ó ń jẹ́ kí a ṣi ẹjọ́ dá níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní kú, kí ọwọ́ wa lè falẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó wà níwájú wa bá jẹ́ ènìyàn gidi.