Ibà Lassa lè lọ tán kó sì di ènìyàn létí: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ibà Lassa kò bá ti pa ẹni tó kó o, ewu ti fò ó nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà ni etí wọn máa ń di. Ti ẹlòmíràn lè jẹ́ etí kan, ti ẹlòmíràn sì lè jẹ́ méjèèjì.

Níbo ni àrùn yìí ti wá?

Ọdún 1969 ni wọ́n dá a mọ̀, lẹ́yìn tó kọlu nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan ní ìlú Lassa, ní ìpínlẹ̀ Borno. Eku ló ń gbé kòkòrò fáírọ́ọ̀sì tó ń fà á. Ẹni tó bá jẹ oúnjẹ tí eku náà tọ̀ sí tàbí yàgbẹ́ sí lè kó o, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara aláìsàn bá kàn. Ìpínlẹ̀ Ondo àti Edo wà lára ibi tó ti ń jà jù ní Nàìjíríà, ìdí sì nìyẹn tí ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Ọ̀wọ̀ àti èyí tó wà ní Irrua fi di ìlú-mọ̀ọ́ká nínú ìtọ́jú rẹ̀.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí etí?

Bí ìró bá wọ etí, awọ ìlù etí á gbọ̀n, ìgbọ̀n náà á sì dé inú etí lọ́hùn-ún, níbi kan tó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-tín ló wà níbẹ̀. Àwọn ló ń gba ìró, tí iṣan etí á sì gbé e lọ sí ọpọlọ. Ibẹ̀ yẹn gan-an ni Lassa ń bà jẹ́, kì í ṣe ìdọ̀tí tí ènìyàn lè fi òwú nù.

Ohun tó yani lẹ́nu ni àsìkò tó ń ṣẹlẹ̀. Ìwádìí kan láti Sierra Leone, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1990, fi hàn pé ìgbà tí ara bá ń yá ni etí sábà máa ń di, àti pé bí àìsàn ṣe le tó kò sọ ẹni tó máa kàn. Ẹni tí ibà rẹ̀ kò le rárá lè di adití. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe àyẹ̀wò etí àwọn èkúté inú yàrá ìwádìí, wọ́n rí i pé ó jọ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ara fi ń gbógun ti àrùn ló yí padà ba iṣan etí jẹ́.

Ṣé ó ní ìwòsàn?

Títí di òní, kò sí oògùn tó dájú pé ó ń dá ìgbọ́ràn yìí padà. WHO sọ pé ìdajì àwọn tó kàn máa ń gbọ́ràn díẹ̀ padà láàárín oṣù kan sí mẹ́ta. Fún àwọn tó kù, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lè ṣèrànwọ́.

Kí ni kí ẹ ṣe?

Bí ẹni yín bá ń bọ̀ láti ibi ìtọ́jú Lassa, ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kó tó kúrò, kí ẹ sì tún mú un padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bó bá ní etí òun ń hó, tàbí òòyì ń kọ́ òun, ẹ má fojú kéré e. Ọmọdé tí kò dáhùn mọ́ lè má jẹ́ olórí kunkun. Ó lè jẹ́ pé kò gbọ́ ni. Ẹ má sọ pé ayé ló ń ṣe é, ẹ má sì fi ọjọ́ ìtọ́jú ṣòfò ní ilé adáhunṣe.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má jẹ́ kí àrùn náà wọlé. Ẹ kó gaàrí sínú ike tó ní ọmọrí, ẹ má sá a sí ẹ̀bá títì, ẹ dí ihò eku, ẹ sì jáwọ́ nínú eku pípa jẹ. Bí ibà kò bá gbọ́ oògùn ibà, ẹ tètè gba ilé ìwòsàn lọ.