ÌNṢỌ́RÁNSÌ ILÉ ÌPÀDÉ ÀTI ỌJÀ WA: KÍ NI À Ń SANWÓ FÚN?



Ní ìpàdé tó kọjá, ìyá kan láàrin àwọn aláṣọ dìde, wọ́n ní, "Akọ̀wé, ọdọọdún lẹ ń ka owó ìnṣọ́ránsì sí wa létí. Iná kò jó wa rí, ìjì kò ṣí òrùlé wa rí. Kí ni à ń sanwó fún gan-an?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, alága sì pàṣẹ pé kí n kọ èsì rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn oṣù yìí. Nígbà tí mo wá gbé ìwé ìnṣọ́ránsì náà kalẹ̀, tí mo kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo rí i pé ìbéèrè ìyá náà jinlẹ̀ ju bí a ti rò lọ. Mo sì rí àṣìṣe kan níbẹ̀ tó jẹ́ tèmi. N ó dé orí rẹ̀ láìpẹ́.

Láyé àwọn baba wa ní Èkìtì níhìn-ín, bí ilé ẹnì kan bá jó, ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń bá a tún un kọ́. Àwọn ọkùnrin á gé igi, àwọn obìnrin á pọnmi, àwọn ọmọdé á gún amọ̀. Kò sí ẹni tó mọ ilé tí yóò kàn lọ́dún tó ń bọ̀, ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń jáde. Ìnṣọ́ránsì, tí àwọn oníròyìn ń pè ní adójútòfò, ọ̀wẹ̀ náà ni, àfi pé owó la fi ń ṣe é, láàrin àwọn ènìyàn tí kò mọ ara wọn. Àwọn òyìnbó pàápàá kò tètè gbọ́n sí i. Ní 1666, iná tó bẹ̀rẹ̀ nílé oníbúrẹ́dì kan ní London jó ilé tó lé ní 13,000, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n tó dá iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì iná sílẹ̀.

Ọ̀wẹ̀ kì í béèrè ìwé o. Ìnṣọ́ránsì ń béèrè. Ohun tí ẹ kọ sínú ìwé, tí ẹ sì sanwó lé lórí, òun nìkan ni wọn yóò san fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin ní kíá. Òfin ìnṣọ́ránsì ọdún 2003 sọ pé gbogbo ilé tí àwọn ènìyàn ń wọ̀ tí wọ́n ń jáde nítorí ẹ̀kọ́, ìwòsàn, fàájì tàbí òwò gbọ́dọ̀ ní ìnṣọ́ránsì fún wíwó, iná, ilẹ̀ ríri, ìjì àti àgbàrá. Ilé tí ayálégbé ń gbé náà wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìnṣọ́ránsì náà gbọ́dọ̀ kárí ẹni tí ó bá fara pa tàbí tí ó kú nínú ilé ọ̀hún. Ní 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò ti 2003, ọ̀ràn ilé àwọn ará ìlú kò sì kúrò nínú rẹ̀. Nítorí náà, gbọ̀ngàn ìlú, ilé ẹ̀kọ́, ilé ìwòsàn, ọjà àti ilé ìpàdé tiwa yìí, òfin kan náà ló mú gbogbo wọn. Pé ọ̀pọ̀ kò ṣe é, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn.

Irú ààbò wo ló wá yẹ ká yàn? Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Ẹni tó bá ra ìnṣọ́ránsì iná lásán, iná àti mànàmáná ojú ọ̀run ló rà, pẹ̀lú ìbúgbàù díẹ̀ bíi ti gáàsì ìdáná. Ìjì kò sí níbẹ̀. Àgbàrá kò sí níbẹ̀. Ìjà ìgboro kò sí níbẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń fi wọ́n kún un, a ó sì fi owó díẹ̀ lé e. Gbogbo wa la mọ̀ pé ní Adó-Èkìtì níhìn-ín, òjò àkọ́rọ̀ oṣù March àti April ló ń ṣí páànù ju bí iná ti ń jólé lọ. Ẹni tó bá ra iná tí kò ra ìjì ní Adó, agboòrùn ló rà tó fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ilé tàbí sítọ́ọ̀ rẹ̀ bá sì wà nítòsí odò Ajílóṣùn, kó má fi àgbàrá sílẹ̀. Ẹ rántí ohun tí odò Ògùnpa ṣe ní Ìbàdàn ní 31 August 1980. Odò tí àwọn ènìyàn ń fò kọjá lójoojúmọ́ ni.

Ti ìjà ìgboro, àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ sọ pé ìyẹn kò kàn wá, nítorí pé ìlú wa dákẹ́. Ní October 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, wọ́n dáná sun ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Igbóṣere ní Èkó àti ibùdó bọ́ọ̀sì BRT ní Oyíngbò. Ilé àwọn ará ìlú ni wọ́n, kò sí èyí tó bá ẹnikẹ́ni jà. Èrò tèmi ni pé kí a fi kún un.

Ohun kan tún wà tí a kì í rántí. Ilé Cocoa House ní Dùgbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1965, alájà 26, iná jó o ní 9 January 1985. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe tán. Ẹ ka ọdún méje yẹn. Kì í ṣe ògiri nìkan ló sọnù, owó ilé tí ì bá máa wọlé láàrin ọdún wọ̀nyẹn náà sọnù. Ààbò kan wà tó ń san owó ilé tàbí èrè tí kò wọlé mọ́ nígbà tí àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ wa ń fi gbọ̀ngàn yìí háyà fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú, owó ibẹ̀ sì ni a fi ń sanwó ọdẹ àti ti akọ̀wé kékeré. Ó yẹ ká béèrè iye tí wọn yóò gbà fún irú ààbò bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe mi nìyí. Ní 2016 a pe iye gbọ̀ngàn wa ní mílíọ̀nù 6 náírà. Láti ìgbà náà, bí fọ́ọ̀mù bá ti dé lọ́dọọdún, iye ti tẹ́lẹ̀ ni mo ń dà kọ. Ẹ̀yin tí ẹ ra sìmẹ́ńtì àti páànù ní 2016 tí ẹ sì tún rà á lọ́dún yìí, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kọ́lékọ́lé tí a pè lóṣù yìí ní kò ní dín ní mílíọ̀nù 30 bí a bá fẹ́ kọ́ irú rẹ̀. Ẹ lè rò pé bí ìjì bá ṣí òrùlé tó tó mílíọ̀nù 5, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì yóò san mílíọ̀nù 5, nítorí pé ó kéré sí 6. Rárá o. Wọn yóò ní, ìdá márùn-ún ilé yín, ẹyọ kan péré lẹ sanwó lé lórí, àwọn mẹ́rin tó kù, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń ṣe ìnṣọ́ránsì wọn. Nítorí náà, mílíọ̀nù 1 ni wọn yóò san, wọn yóò sì tún yọ iye tí ìwé ní kí a kọ́kọ́ fara mọ́. Mílíọ̀nù 4 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò wá jáde láti inú owó àjẹṣẹ́kù yín. Kì í ṣe jìbìtì, ó wà nínú ìwé, lójú ewé kejì, lẹ́tà rẹ̀ kàn kéré ni.

Ká ní náírà 2 ni wọ́n ń gbà lórí 1,000, owó ọdún wa yóò kúrò ní 12,000 bọ́ sí 60,000. Ó dun ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé mílíọ̀nù 4 yẹn. Bí a bá sì ń pe iye ilé, owó tí a ó fi kọ́ òmíràn lónìí ni kí a pè. Iye tí ilé bá máa mú lọ́jà kò wúlò níbí, ilẹ̀ kò sì jóná, ẹ má ka ilẹ̀ mọ́ ọn.

Ó ku ti ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ wà lọ́jà, yálà ní Ọjà Ọba tàbí ní ìsọ̀ tí ẹgbẹ́ kọ́. Bí káńsù tàbí ẹgbẹ́ bá ní ìnṣọ́ránsì lórí ìsọ̀, ògiri àti òrùlé ni. Bálẹ̀ aṣọ, àpò ìrẹsì àti fíríìsà yín kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó ni ẹrù ló gbọ́dọ̀ ṣe ìnṣọ́ránsì ẹrù. Nígbà tí iná jó ilé òwò ní Balógun ní Èkó ní November 2019, gbogbo wa la rí àwọn tó ń ju bálẹ̀ aṣọ láti òkè sílẹ̀ kí ó má bàa jó. Tí ẹ bá sì fẹ́ ti olè, ẹ mọ̀ pé olè tó jálẹ̀kùn ni ìwé ń sọ. Èyí tí ọmọ ọjà yín bá rọra mú lọ kò sí níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù, ẹ má parọ́. Bí ẹ bá ń dá epo bẹntiróòlù sí kẹ́ẹ̀gì nínú ṣọ́ọ̀bù nítorí jẹnẹrétọ̀, tí ẹ kọ pé kò sí epo níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bá rán wá díwọ̀n òfò yóò rí kẹ́ẹ̀gì náà. Owó sì gbọ́dọ̀ wọlé kí ààbò tó bẹ̀rẹ̀. Láti 1 January 2013 ni NAICOM, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ti ń fọwọ́ líle mú un pé àwìn kò sí. Lọ́dọ̀ wọn náà ni ẹ ti lè béèrè bóyá iléeṣẹ́ tó wá bá yín ní ìwé àṣẹ. Ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ má sì fi pamọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹ ṣe ìnṣọ́ránsì rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ yóò mú iye mẹ́ta wá sí ìpàdé gbogbogbòò láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ mẹ́ta: iná pẹ̀lú ìjì, èyí tó fi àgbàrá àti ìjà ìgboro kún un, àti èyí tó ní owó ilé nínú. Ẹ̀yin lẹ máa dìbò. Kí ẹni tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń ka iye ẹrù ṣọ́ọ̀bù mú ìwé ìrajà oṣù mẹ́ta dání. Ẹ jọ̀wọ́, kí ìyá wa aláṣọ jókòó níwájú.