Ogún tí Ọ̀pẹ̀ ń Jẹ

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá gbìn ni a ó ká. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tí ó ṣa èso lábẹ́ ọ̀pẹ̀ rere, tí ó sì gbìn ín, lè bá ọ̀pẹ̀ tí kò dára nínú oko rẹ̀. Òwe kò purọ́. Ojú àgbẹ̀ ni kò rí gbogbo ohun tí ó gbìn.

Gregor Mendel, àlùfáà Kátólíìkì kan ní ìlú Brno, ni ó kọ́kọ́ tú ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 1856 títí di 1863 ni ó fi ẹ̀wà píìsì ṣe ìdánwò. Ó mú irú tí èso rẹ̀ rí roboto, ó sì mú un gùn irú tí èso rẹ̀ hunjọ. Gbogbo ọmọ wọn ni ó rí roboto. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbin àwọn ọmọ wọ̀nyí, tí ó sì ka èso tí wọ́n so, 5,474 nínú 7,324 ni ó rí roboto, 1,850 sì hunjọ: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan. Ohun tí ó fara sin lára ọmọ tún hàn lára ọmọ-ọmọ. Mendel wá mọ̀ pé ìpín ogún méjì ni ohun ọ̀gbìn ń gbà lórí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Èyí tí ó lágbára lè bo èkejì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè pa á run.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pẹ̀, àfi pé ìpín kan kì í bo èkejì tán níbẹ̀. Dúrà gba ìpín èèpo méjì. Èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, epo rẹ̀ kò sì pọ̀. Písífẹ́rà kò gba ìpín èèpo rárá. Èkùrọ́ rẹ̀ kò ní èèpo líle, ṣùgbọ́n ìdì eyìn rẹ̀ sábà máa ń rà kí ó tó pọ́n. Tẹnẹ́rà gba ìpín èèpo kan ṣoṣo. Èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, ara eyìn rẹ̀ sì kún fún epo. Beirnaert àti Vanderweyen ni wọ́n fi èyí hàn ní ọdún 1941, láti inú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Yangambi ní ilẹ̀ Kóńgò.

Nítorí náà, bí dúrà àti písífẹ́rà bá pàdé, tẹnẹ́rà ni gbogbo ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n bí tẹnẹ́rà bá pàdé tẹnẹ́rà, nínú ọmọ mẹ́rin, a lè retí dúrà kan, tẹnẹ́rà méjì àti písífẹ́rà kan. Irú ọ̀pẹ̀ yòówù tí kòkòrò tàbí atẹ́gùn ìbáà gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ wá bá tẹnẹ́rà, ìdajì ọmọ rẹ̀ péré ni a lè retí pé yóò jọ ọ́. Àgbẹ̀ kò sì lè fi ojú mọ̀ ọ́n títí ọ̀pẹ̀ yóò fi so, ní bí ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Lóòótọ́, láti ọdún 2013 tí àwọn onímọ̀ ti rí ìpín èèpo yìí gan-an, a lè yẹ ewé ọ̀pẹ̀ kékeré wò nílé ìdánwò. Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe iṣẹ́ ojú lásán.

Ìdí nìyí tí àwọn tí ń pèsè irúgbìn ọ̀pẹ̀ fi máa ń fi àpò bo òdòdó abo dúrà, kí àjèjì lẹ́búlẹ́bú má baà kàn án, tí wọn a sì fi ọwọ́ ara wọn da ti písífẹ́rà sí i. Irú iṣẹ́ yìí ni a mọ̀ mọ́ ilé ìwádìí ọ̀pẹ̀ tí a dá sílẹ̀ nítòsí ìlú Benin ní ọdún 1939. Àgbẹ̀ tí ó san owó irúgbìn bẹ́ẹ̀ kò sanwó èso nìkan. Ó sanwó kí ó lè mọ ìyá àti bàbá ohun tí ó fẹ́ gbìn.