Kí Ẹ Tó Gòkè Olúmirìn: Ìtọ́nà Ààbò fún Àlejò Omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, Lójò àti Lẹ́ẹ̀rùn

Omi Olúmirìn wà ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríadé, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìpele méje ni omi náà fi ń bọ́ láti orí òkè wá sílẹ̀. Ìtàn ìlú sọ pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Akínlà, ọmọọmọ Odùduwà, ni ó rí i nígbà tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Omi yìí ti jẹ́ ti ìlú, tí wọ́n ń bọ, kí ó tó di ohun tí àlejò ń wá wò. Bí ará ìlú bá ní ẹ má dé ibì kan, ẹ má bá wọn jiyàn.

Ìwé yìí kò wá dẹ́rù bà yín. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ewu ìgbà òjò yàtọ̀ sí ti ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tó bá sì múra de ọ̀kan lè má tíì múra de èkejì.

Òjò tí ẹ kò rí

Orí òkè àpáta tó na ìhà Ẹ̀fọ̀n-Alààyè ni omi náà ti ń ṣàn bọ̀. Àpáta kì í mu omi. Bí òjò bá rọ̀ lókè, ojú odò kan náà ni gbogbo rẹ̀ yóò wọ́ sí, kò sì ní pẹ́ dé ìsàlẹ̀. Oòrùn lè máa ràn lórí yín ní ìpele kìíní, kí àgbàrá ti máa bọ̀ látòkè. Ìhà òkè ni kí ẹ máa wò bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń bọ̀, kì í ṣe ọ̀run tó wà lórí yín nìkan.

Omi fúnra rẹ̀ máa ń kìlọ̀. Bí omi tó mọ́ gaara bá ṣàdédé dàrú, bí ewé àti ẹ̀ka igi bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn kọjá, bí ariwo rẹ̀ bá yí padà, tàbí tí òkúta tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ bá ti wọ abẹ́ omi, ẹ jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ gòkè kúrò létí odò. Ẹ má tẹ̀lé ipa omi sáré lọ sísàlẹ̀, ibẹ̀ náà ni òun ń lọ. Bí báàgì yín bá wà ní òdìkejì, ẹ fi í sílẹ̀. A mọ̀ pé fóònù wà nínú rẹ̀. Omi tó ń sáré, bí kò tilẹ̀ ju orúnkún lọ, lè gbá àgbàlagbà ṣubú. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin gan-an ni omi há sí òdìkejì, ẹ jókòó síbi gíga títí yóò fi fà.

Láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá ni ìgbà òjò. Òjò sábà máa ń dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, àwọn kan a sì rò pé àsìkò ti dára. Ilẹ̀ ti rin gbingbin nígbà yẹn. Òjò díẹ̀ péré ti tó láti mú odò kún. Ní gbogbo ìgbà òjò, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ má kọjá ìpele kìíní, kí ẹ sì wo omi láti orí ilẹ̀. Ẹ má dúró sábẹ́ ibi tí omi ti ń já, nítorí òkúta àti igi máa ń bá a wálẹ̀. Omi tó ń hó bí ìfófòó ọṣẹ níbẹ̀ kún fún atẹ́gùn, kì í gbé ènìyàn léfòó bí omi tó dákẹ́. Ẹni tó mọ odò wẹ̀ dáadáa náà lè rì níbẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́

Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta, omi a fà, ọ̀nà a gbẹ, èrò a sì pọ̀, pàápàá nígbà Kérésìmesì àti ọdún tuntun. Ìgbà yìí gan-an ni ọkàn àlejò máa ń balẹ̀ jù, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Omi tó fà ti dín jíjìn rẹ̀ kù. Ẹ má forí bẹ́ sínú omi láé: òkúta tí ẹ kò rí lè ṣẹ́ni lọ́rùn. Ibi tí omi ti ń rin àpáta fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ ni ó ń yọ̀ jù, nítorí nǹkan aláwọ̀ ewé tó hù lára rẹ̀. Ẹ wọ bàtà kanfáàsì tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣì ní ojú. Ẹ fi sílípáàsì sílẹ̀ sínú ọkọ̀.

Àtẹ̀gùn wà débi ìpele kìíní. Lẹ́yìn èyí, ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́, gbòǹgbò igi ni ẹ ó máa dì mú. Ẹ wá ọmọ ìlú tó mọ ọ̀nà mú yín lọ, ẹ má ti ara yín lójú ọ̀nà tóóró, ẹ má mu ọtí kí ẹ tó gòkè. Kí aago mẹ́ta ọ̀sán má bá yín lókè. Ẹ má dáná, ẹ má sì ju sìgá sínú koríko: lásìkò ọyẹ́, iná ìgbẹ́ a máa sáré ju ènìyàn lọ.

Àwọn tó yẹ kí wọ́n bi dókítà léèrè kí wọ́n tó lọ

Ẹni tó ní fòníkúfọ̀ladìde ni àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Omi tútù, òùngbẹ àti àárẹ̀ lè dá ìrora sílẹ̀ sí i lára. Bí ó bá máa lọ, kí ó mu omi dáadáa, kí ó wọ aṣọ tó móoru, kí ó má sì wọ inú omi tútù. Ẹni tó ní wárápá kò gbọ́dọ̀ wọ omi. Aláboyún, ẹni tó ní ikọ́ fée tàbí àrùn ọkàn kò gbọ́dọ̀ kọjá ìsàlẹ̀ láìgba ìmọ̀ràn. Kí ọmọdé kọ̀ọ̀kan ní àgbàlagbà tirẹ̀ tó lè nawọ́ kàn án.

Eṣinṣin dúdú kéékèèké tó ń jẹni lọ́sàn-án máa ń pa ẹyin sínú omi tó ń sáré, òun náà ló sì ń gbé àrùn tó ń fọ́ni lójú kiri. Ọjọ́ kan tí àlejò lò níbẹ̀ kò tó kó àyà yín sókè, ṣùgbọ́n ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Ẹ̀yin ará ìlú àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ẹ gba Mectizan, oògùn àrùn yìí, nígbàkígbà tí wọ́n bá ń pín in. Ẹni tó bá bu omi lọ sílé, kí ó sè é kí ó tó mu ún.

Bí ènìyàn bá kó sómi

Ẹ má bẹ́ tẹ̀lé e. Ẹ na igi, okùn tàbí ìró aṣọ sí i, tàbí kí ẹ ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ẹ ti dé pa sí i.

Bí ẹ bá ti fà á jáde, ẹ má gbé e sókè ní ìdoríkodò, ẹ má sì tẹ ikùn rẹ̀ láti fi omi jáde. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọkàn rere, àkókò èémí ni wọ́n ń fi ṣòfò. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ ni kó kan ilẹ̀, kì í ṣe àyà. Ẹ tì í lágbọ̀n sókè, ẹ pa imú rẹ̀, ẹ mí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àárín àyà rẹ̀ nígbà ọgbọ̀n, kíákíá, kó wọlé tó bí ìka mẹ́ta, kí ẹ tún mí sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀ títí ìrànlọ́wọ́ yóò fi dé.

Kí ẹlòmíràn pe 112. Fóònù lè má mú lókè, ẹ rán ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá lọ sí ẹnu ọ̀nà, kí ó sọ ìpele tí ẹ wà. Ilé ìwòsàn Wesley Guild wà ní Iléṣà. Ẹ gbé ẹni náà lọ síbẹ̀, kódà bí ó bá ti ń sọ̀rọ̀ tó ń bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí òun lọ sílé, nítorí omi tó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè dá wàhálà sílẹ̀ lẹ́yìn wákàtí mélòó kan.